Àwọn Ìdáhùn Màmá Lábẹ́ Fọ́tò

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà bá mi sọ ni "Rárá." Kò kí mi, kò bi mí pé ta ni mí. Ojú gbogbo ayé ló ti sọ ọ́, lábẹ́ fọ́tò ìyá rẹ̀, ojú sì tì mí débi pé mo yíjú wo ẹni tó jókòó tì mí, bóyá ó rí i.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe nígbà yẹn, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe maṣíìnì ìránṣọ ni mo wà. Ilé-iṣẹ́ náà dàgbà ju bàbá bàbá mi lọ, wọ́n sì ń tajà káàkiri àgbáyé. Wọ́n ní ìkànnì lórí ayélujára, níbi téèyàn ti lè wo maṣíìnì kó sì rà á. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá wa ti ṣàkíyèsí nǹkan kan: àwọn oníbàárà kì í gba ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ gbọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ oníbàárà ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń gbà gbọ́. Kí arẹwà kan jókòó nídìí maṣíìnì kó máa rẹ́rìn-ín látàárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n bí ìyá ọmọ kan bá ya fọ́tò aṣọ tó rán fọ́mọ rẹ̀, kódà kí kọ́là aṣọ náà wọ́, ọjà ti tà nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe dá Ògiri sílẹ̀ nìyẹn, ní ojú ewé àkọ́kọ́ ìkànnì wa. Ohunkóhun tí èèyàn bá gbé sórí sóṣíà mídíà tó bá ti dárúkọ ilé-iṣẹ́ wa sí i, a ó lọ gbé e wá sórí Ògiri, àwọn èèyàn á sì máa kọ ọ̀rọ̀ tiwọn sábẹ́ rẹ̀. Òfin kan ló wà níbẹ̀: a ò gbọdọ̀ gbé fọ́tò ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó yọ̀ọ̀da rẹ̀. Èmi ni mo máa ń tọrọ. "Ẹ jọ̀wọ́, fọ́tò yín wù wá. Ṣé ẹ lè yọ̀ọ̀da rẹ̀ fún ìkànnì wa?" Ọgọ́ta ìgbà lójúmọ́ ni mò ń kọ ọ́. Àwọn ará ọ́fíìsì sọ mí ní Àǹtí Ẹ-jọ̀wọ́. Gbogbo èèyàn ló sì máa ń gbà, inú wọn á máa dùn bí ẹni tí wọ́n fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ọkùnrin yìí nìkan ló kọ̀.

Ìyá àgbàlagbà kan ló wà nínú fọ́tò náà, wọ́n tẹ̀ sórí maṣíìnì dúdú àtijọ́ kan. Òwú funfun ni wọ́n fi so apá kan awò ojú wọn. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ kan, kò sí lẹ́sẹ̀ kejì tí wọ́n fi ń tẹ maṣíìnì. Abẹ́rẹ́ wà ní igun ẹnu wọn, síbẹ̀ wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí ọmọ wọn kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé: "Màmá mi pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin lónìí. Maṣíìnì wọn pé mẹ́rìnlélógójì. Àwọn méjèèjì ṣì ń ṣiṣẹ́."

Mo tọrọ fọ́tò náà bí mo ṣe máa ń tọrọ. Ó dáhùn pé, "Rárá. Ìyá mi ni, wọn kì í ṣe pátákó ìpolówó."

Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé bí èèyàn bá kọ̀, ká dúpẹ́ ká sì kọjá. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ni kò mọ̀ ọ́n kọjá. Mo kọ̀wé sí i ní ìkọ̀kọ̀ pé kó má bínú, kó bá wa kí Màmá, kó sì sọ fún wọn pé maṣíìnì iwájú wọn yẹn, ilé-iṣẹ́ wa ti dẹ́kun ṣíṣe irú rẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ọjọ́ kẹta ló tó dáhùn. Ó ní Màmá ní kí òun kí ilé-iṣẹ́ náà padà, wọ́n ní ṣé ilé-iṣẹ́ ti jẹun.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti bi í bóyá ó jẹun rí. Mo dáhùn pé ilé-iṣẹ́ ò tíì jẹun, torí iṣẹ́ pọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó ní Màmá ní ìyẹn ò dáa.

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Èmi á kọ lẹ́tà gígùn gbọọrọ, òun á fi ìlà kan dáhùn, ìlà kan yẹn ni màá sì máa kà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fẹ́ràn ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Lẹ́yìn oṣù méjì, síìpù síkẹ́ẹ̀tì mi kan já. Ká má purọ́, èmi ni mo já a. Mo ká síkẹ́ẹ̀tì náà sínú báàgì, mo wá ṣọ́ọ̀bù náà lọ.

Ṣọ́ọ̀bù tóóró ni, láàárín onítẹ̀wé kan àti ọkùnrin tó ń gbẹ́ kọ́kọ́rọ́. Aṣọ tí wọ́n ti rán tán kọ́ sára ògiri kan, èyí tí wọn ò tíì rán wà nínú àpò lábẹ́ tábìlì. Òórùn áyọ́ọ̀nù gbígbóná àti ti epo maṣíìnì ló kún ibẹ̀, òórùn yẹn ò tíì kúrò nímú mi di òní. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ọmọ wọn dúró nídìí tábìlì, ó ń fi ẹfun sàmì sí aṣọ.

Mi ò sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo kàn na síkẹ́ẹ̀tì sí i, mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, síìpù yìí ni. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ráyè ni o. Kò kánjú, ẹ jọ̀wọ́."

Màmá yọ awò ojú wọn, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ilé-iṣẹ́ yẹn nìyí," ni wọ́n wí.

Ẹfun bọ́ lọ́wọ́ ọmọ wọn. Ó wò mí, ó wo síìpù, ó tún wò mí. "Síìpù yìí kò dá já o," ló wí.

Ó wù mí kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Màmá ti fa àga jáde, wọ́n ní kí n jókòó. Bí mo ṣe jókòó nìyẹn, fún oṣù mẹ́jọ gbáko. Bí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́, ọ̀dọ̀ wọn ni. Màmá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe ojú bọ́tìnì, wọ́n sì tú gbogbo èyí tí mo ṣe. Ọmọ wọn sọ mí ní "Ilé-iṣẹ́." Bí mo bá ti ń wọlé, á ní, "Ilé-iṣẹ́ mi, o ti dé?" Ọ̀rọ̀ lásán ni fún ẹlòmíràn. Fún mi, ó dùn ju oyin lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò dá wa dúró, Màmá sùn lórí àga wọn. Ọmọ wọn rán aṣọ kan, ó tú u, ó tún un rán. Mo bi í pé kí ló ṣe aṣọ náà.

"Kò sóhun tó ṣe é," ló wí. "Bí o bá wà níbí, ọwọ́ mi kì í gbọ́ tèmi. Bí o ò bá sì sí níbí, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, ọ̀wọ́n mi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ju báyìí lọ."

Mo ní bó ṣe sọ ọ́ yẹn ti tó mi títí dọ́jọ́ alẹ́. Mo sọ fún un pé èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, láti ìgbà tó ti kọ̀ fún mi lójú gbogbo ayé. Láti orí àga ni ohùn Màmá ti jáde wá pé kí a rọra sọ̀rọ̀, àwọn ń sùn.

Bàbá mi ní tiwọn kò fẹ́ gbọ́ ọ. Wọ́n ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, àwọn nìkan ló tọ́ mi, wọ́n sì fẹ́ kí n fẹ́ ẹni tó kàwé. Wọ́n ní ọkùnrin náà kò lọ yunifásítì. Wọ́n ní ẹni tó ti di ọmọ ọdún márùndínlógójì tó ṣì ń jókòó tìyá rẹ̀, ìgbà wo ló fẹ́ dá dúró. Mo ní wọ́n á fẹ́ràn rẹ̀ bí wọ́n bá rí i. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ rí i. Bàbá mi fẹ́ràn mi bí ojú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kọ ìdáhùn sójú pátákó, wọn kì í fẹ́ pa á rẹ́.

Ibi iṣẹ́ ni wàhálà tòótọ́ ti wá. Ọ̀gá wa jẹ́ obìnrin kan tó máa ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀. Kò gbàgbé fọ́tò Màmá. Ilé-iṣẹ́ fẹ́ ṣe ayẹyẹ ọdún rẹ̀, wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa fi sókè pátápátá lórí Ògiri, fọ́tò ẹni tó ti ń lo maṣíìnì wa fún ọdún mẹ́rìnlélógójì sì wà nílẹ̀ tí wọn ò lè fọwọ́ kàn. Àdéhùn iṣẹ́ mi ku oṣù kan kó parí. Ọ̀gá pè mí, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní bí fọ́tò yẹn bá gorí Ògiri, iṣẹ́ mi á di ti títí láé. Mo ní onífọ́tò kò gbà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo ọ́fíìsì ló mọ ibi tí mò ń lọ lẹ́yìn iṣẹ́.

Mi ò bi ọkùnrin náà. Mo búra fún ara mi pé mi ò ní bi í, torí mo mọ ohun tó máa rò. Ṣùgbọ́n ojú mi kì í pa àṣírí mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó lọ ra aṣọ inú kọ́là, Màmá ní kí n sọ ohun tó ń dà mí láàmú. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Fọ́tò ta ni?" ni wọ́n bi mí.

"Fọ́tò tiyín ni, Mà."

"Ó tó oṣù mẹ́wàá tí ẹ ti ń fà á mọ́ra yín lọ́wọ́. Ọmọ mi ní rárá, ilé-iṣẹ́ ní ẹ jọ̀wọ́. Ojú mi lẹ̀ ń jà lé lórí, kò sẹ́ni tó bi olójú."

Òótọ́ ni. Mo ti tọrọ fọ́tò lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, kò wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan kí n bi ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Wọ́n ní inú ṣọ́ọ̀bù yìí làwọn ti lo ìgbésí ayé àwọn, ẹni tó bá gbé aṣọ wá ló ń rí àwọn. Ó wu àwọn kí àwọn tó jìnnà náà rí àwọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n gba fóònù mi, wọ́n fi ìka ara wọn tẹ̀ ẹ́ pé àwọn gbà. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn máa sọ fún ọmọ àwọn. Mo ní rárá, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi, èmi ni mo jẹ ẹ́ ní àlàyé.

Ẹ ò rí i pé orí mi ò pé? Mi ò sọ fún un. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó rẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, inú rẹ̀ dùn, mi ò fẹ́ bà á jẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀rù ló bà mí. Ní ọjọ́ kẹrin, oníbàárà kan wọlé wá, ó ní òun rí Màmá lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ ńlá, fọ́tò wọn gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà òun.

Ọmọ Màmá ti mọ̀ nígbà tí mo débẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn.

"Oṣù mẹ́jọ," ló wí. "Oṣù mẹ́jọ lo fi jókòó lórí àga yẹn nítorí fọ́tò."

"Kì í ṣe nítorí fọ́tò. Ìwọ náà mọ̀."

"Wọ́n fún ọ níṣẹ́ títí láé tàbí wọn ò fún ọ?"

"Wọ́n fún mi."

"Ó ti tán nìyẹn. Má wá síbí mọ́."

Màmá ní àwọn làwọn gbà, kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé wọ́n gbà, ta ni kò ní gbà fún ẹni tó ti sọ ara rẹ̀ di ọmọ ilé. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo gbé báàgì mi, mo jáde. Nígbà tí mo délé, bàbá mi rí ojú mi, wọn ò sọ pé ṣebí àwọn wí bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn pọn omi ìwẹ̀ fún mi bí ìgbà tí mo wà ní kékeré.

Ọkùnrin náà kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta pé kí wọ́n yọ fọ́tò náà. Ilé-iṣẹ́ dá a lóhùn pé ẹni tó wà nínú fọ́tò ti gbà. Èmi kọ́ ni mo kọ ìdáhùn náà, ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀ka wa ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, fóònù mi dún lọ́sàn-án. Màmá ni. Wọ́n ní ọmọ wọn ti gbé aṣọ lọ fún oníbàárà, kí n yára ka ohun tí àwọn èèyàn ń sọ lábẹ́ fọ́tò fún àwọn. Ohun tí wọ́n ń sọ sì pọ̀. Obìnrin kan ní òwú òun ń já ṣáá. Màmá ní, "Bi í pé ṣé òwú ló burú àbí òun ló ń kánjú. Kó yọ ọ́, kó tún un ki láti ìbẹ̀rẹ̀." Mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan bèèrè ìdí tí bàtà kò fi sí lẹ́sẹ̀ wọn kan. Màmá ní ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kì í wọ bàtà. Ọkùnrin kan láti ọ̀nà jíjìn kọ ọ́ pé irú maṣíìnì yẹn ni ìyá òun ní, òun tà á nígbà tí wọ́n kú, ó sì ń dun òun. Màmá ní kí n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wá ní kí n sọ fún un pé maṣíìnì kì í ṣe ìyá rẹ̀, kó lọ wá òmíràn, kó fi rán nǹkan fún ẹni tó wà láàyè.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè mí láti ọjọ́ náà. Ohùn wọn nìkan ló kù fún mi nínú ilé yẹn. Mo máa ń gbọ́ maṣíìnì lẹ́yìn wọn nígbà míì, bí ọmọ wọn bá tètè dé, wọ́n á sì pa fóònù pìì. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní àwọn ti gbìyànjú, àgídí bàbá rẹ̀ ló jogún. "Ẹni tí inú ń bí, bí o bá ní kó wá jẹun, á ní òun ti yó. Fi í sílẹ̀ kí ebi pa á."

Ọ̀gá wa ń yọ̀. Ẹni tó wá ra abẹ́rẹ́ lásán á jókòó sábẹ́ fọ́tò Màmá fún ogún ìṣẹ́jú, á sì ra nǹkan kó tó lọ. Àwọn ẹ̀ka wa lókè òkun ní ká túmọ̀ ìdáhùn wọn ránṣẹ́. Ó tó ọdún kan àti oṣù méjì tí a fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Màmá lọ lójú oorun, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ọ̀sán pé, fóònù mi kò dún, ọkàn mi ti sọ fún mi kí n tó gbọ́. Mo lọ síbi ìsìnkú, ẹ̀yìn pátápátá ni mo dúró sí. Bàbá mi tẹ̀ lé mi, mi ò bẹ̀ wọ́n. Ọkùnrin náà rí wa. Ó mi orí sí bàbá mi, ó mi orí sí mi, ó yíjú padà.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá ní ó dun òun. Lẹ́yìn náà ló ní ìbéèrè ti ń pọ̀ lábẹ́ fọ́tò, kí n máa dáhùn lọ, ṣebí mo ti mọ bí Màmá ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo ní mo mọ̀ ọ́n, mi ò sì ní ṣe é. Ó ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo ní èmi á mọ̀. Ó wò mí títí, ó ní kí n máa lọ sídìí iṣẹ́ mi. Láàárín oṣù mẹ́rin, àwọn èèyàn dín kù lórí Ògiri, ilé-iṣẹ́ sì pinnu pé ayé ti kúrò níbẹ̀, fídíò àwọn gbajúmọ̀ ni wọ́n fẹ́ máa gbé síbẹ̀. Wọ́n fún wa ní ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n tó wó o. Fọ́tò, ọ̀rọ̀, ìdáhùn, gbogbo rẹ̀ ló ń lọ.

Mẹ́ta nínú ọjọ́ márùn-ún yẹn ni mo fi tẹ ìdáhùn Màmá jáde sórí ìwé, pẹ̀lú ìbéèrè tí wọ́n dáhùn. Ọ̀gá rí mi nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó bojú wo ibòmíràn. Mo dì wọ́n sínú fáìlì kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé fáìlì náà dé igun àdúgbò wọn tí mo sì yí padà, torí mo mọ ohun tó wà ní ojú ewé tó kẹ́yìn.

Ní ọjọ́ kejì tí Ògiri wó, ọmọbìnrin tó ń gbàlejò pè mí sísàlẹ̀, ó ní télọ̀ kan ń wá ẹ̀ka wa. Òun ni. Ó ti rù díẹ̀. Téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó gbàgbé láti yọ ọ́.

"Láti ìgbà tí Màmá ti lọ ni mo ti ń kà á," ló wí. "Márùn-ún láràárọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, kó má baà tètè tán. Mo ṣí i láàárọ̀ yìí, ọmọbìnrin kan tó ń jó ni mo bá níbẹ̀. Mo mọ̀ pé mi ò lẹ́nu láti sọ ọ́. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Ṣé ó ṣì wà níbì kankan?"

Mo gòkè, mo gbé fáìlì náà wá, mo gbé e lé e lọ́wọ́.

Kò ṣí i. "Ṣé Màmá ló sọ gbogbo rẹ̀? Àbí ilé-iṣẹ́ ti fi tiwọn kún un?"

"Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni, látòkè délẹ̀. Ọjọ́ Ajé tó ṣáájú Ìṣẹ́gun yẹn ni èyí tó kẹ́yìn. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹyọ kan kún un."

"Ta ló ń tẹ̀ ẹ́ fún wọn?"

"Èmi ni. Lọ́sàn-án, bí o bá jáde."

Ó jókòó sórí àga àlejò, ó wá ibi tó kà dé. Èmi náà jókòó. Ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ó tún rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣí ìwé lọ sí ojú ewé tó kẹ́yìn. Nígbà tí mò ń tẹ̀ wọ́n jáde, ó ti ṣe mí bíi kí n yọ ojú ewé yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi láti yọ.

Ó débẹ̀. Ó ka ìbéèrè tó wà lókè rẹ̀ jáde: ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní Olùkọ́ Àgbà ló kí Màmá kú iṣẹ́ ọpọlọ, ó sì bèèrè bóyá ọmọ wọn tó ya fọ́tò náà ti níyàwó.

"Ta ni Olùkọ́ Àgbà?" ló bi mí.

"Bàbá mi ni."

"Bàbá rẹ tó ní mi ò kàwé?"

"Àwọn náà ni. Wọ́n ti ń ka ìdáhùn Màmá fún bí oṣù mẹ́fà kí n tó mọ̀."

Ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ síbi ìdáhùn, ó dúró síbẹ̀. Nígbà tó yá, ó na ìwé náà sí mi. "Kà á fún mi," ló wí. "Mi ò rí i kà mọ́."

Mo kà á: "Ó ti ní. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí, ó ń sunkún, ó rò pé mi ò gbọ́. Ọkọ rẹ̀ ṣì ń bínú, kò tíì mọ̀ pé òun ti gbéyàwó. Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó bínú tán."

Ọmọbìnrin tó ń gbàlejò ti dẹ́kun ohun tó ń ṣe. Ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó di fáìlì, ó gbé e sábẹ́ abíyá.

"Mo ti bínú tán," ló wí. "Ìyàwó mi, lọ gbé báàgì rẹ."

Aago mẹ́ta ọ̀sán kò tíì lù, iṣẹ́ ò sì tíì parí. Mo gòkè, mo lọ gbé báàgì mi.